Ojú Ìwé Tí Ìyá Ìyìn Kò Fẹ́ Kọ

Pákó lásán ló pààlà láàárín ìsọ̀ mi àti ìsọ̀ Ìyá Ìyìn ní ojú ọ̀nà Siluko, pákó náà sì ti sán. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé báwo ni mo ṣe gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo gbọ́ ọ ni. Èmi ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú, òun ń rán aṣọ. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti jọ wà níbẹ̀, a kò sì fi ju ọdún kan jura wa lọ.

Ọláfúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́. Iṣẹ́ gẹdú tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe ló gbé wọn wá sí Bìní. Ọdún kọkànlá ìgbéyàwó wọn ni wọ́n tó bí Ìyìnolúwa, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Baba kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ìlú yìí, ó mọ̀ ọ́n dójú àmì, iṣẹ́ sì gbé e lọ sí Jámánì. Ó di ọdún kẹrin báyìí. Yàrá méjì tí àwọn mẹ́ta ń gbé ní Upper Sakponba, ẹnì kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀.

Mo ti rí opó, mo sì ti rí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun, ṣùgbọ́n n kò rí ilé tó dákẹ́ tó ilé Ìyá Ìyìn rí. Mo yà síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Mo bá a tó gbé rédíò sórí àga ọkọ rẹ̀, tó ń dá a lóhùn. Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó ní ọkùnrin tó ń ka ìròyìn ni, pé irọ́ ló ń pa. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń lọ sílé, inú mi bàjẹ́.

Làkúrègbé ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó mú un ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó ṣì lè di sísọ́ọ̀sì mú, ó sì lè jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá fi ṣọ́ọ̀kì ya ihò apá tàbí ọrùn aṣọ, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ilà a sì wọ́. Aránṣọ tí kò lè ya aṣọ, kí ni yóò gé? Kí ni yóò rán? Ó sunkún fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ náà sì ní kó fi òun sílẹ̀ ná, òun ó wá nǹkan ṣe.

Ohun tó ṣe ni Téèpù. Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Bí èèyàn bá ti kọ ìwọ̀n àyà, ìbàdí, èjìká àti gígùn oníbàárà sínú rẹ̀, yóò ya aṣọ náà sórí bébà. Èèyàn á tẹ bébà náà jáde, á tẹ́ ẹ lé aṣọ, á sì gé e. Ìyìn kò tà á. Ó tú kóòdù rẹ̀ sí gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ náà bá òun tún un ṣe. Àwọn kan dá sí i lóòótọ́, ọkùnrin kan ní Kenya, obìnrin kan ní Brazil, àtàwọn mìíràn tí wọn kò rí ojú ara wọn rí. Nígbà tí Ìyá Ìyìn sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn, mo ní a jẹ́ pé orí wọn kò pé. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni pípe fóònù ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ ọ, torí sípíkà ló máa ń fi í sí. "Ìyìn, ó ní kí n yan nǹkan, kí ni kí n yàn?" Ọmọ náà á dáhùn. Bìní ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n òyìnbó àti Pidgin ló fi ń fèsì. "Mummy, no press that one. The blue one. Ehen."

Ó pẹ́ kí n tó rí ohun kan. Bí Ìyá Ìyìn bá pe ọmọ rẹ̀ láti kí i lásán, fóònù á dún títí yóò fi sú u. Bí ọmọ bá gbé e pàápàá, "Mummy, I dey work, I go call you back." Kò ní pè. N kò sọ pé ọmọ burúkú ni o. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, kò sì gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé Téèpù kọṣẹ́, kí ẹ tó ka mẹ́wàá, ọmọ ti pè. "What happened? Which button did you press?" Ìyá Ìyìn kì í ṣe òmùgọ̀. Òun náà ti rí i ṣáájú mi.

Ní ọdún tó kọjá, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù náà. Àwọn tó ń lo Téèpù ti pọ̀, ìbéèrè wọn sì ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè dáhùn lọ, nítorí kò sí ìwé ìlò kankan tó ṣàlàyé ohun tí èèyàn máa ṣe. Ta ni kó kọ ọ́? Ọkùnrin Kenya ní ẹni tó kọ kóòdù ló yẹ kó kọ ìwé ìlò, torí òun ló mọ inú rẹ̀. Obìnrin Brazil ní kóòdù ni òun mọ̀ ọ́n kọ, òun kò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Ìyìn ronú sí i, ó sì pe ìyá rẹ̀.

"Mummy, all of us wey write am, we know am too much," ó ní. "We no dey see where person go fall again. Na you suppose write am."

"Èmi?" Ìyá Ìyìn pariwo. "Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà?"

"Na you dey ask the question."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí láti ẹ̀yìn pákó. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ta ló sì jìn sí kòtò Téèpù tó Ìyá Ìyìn? Obìnrin tó tẹ bébà aṣọ ọmọ ọdún mẹ́ta jáde fún ìyá àgbà! Bí ẹnì kan bá máa júwe ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀, òun ni.

Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Yorùbá, ojú ìwé kan fún ìṣòro kan. Ó kà díẹ̀ fún mi. "Kí o tó gé aṣọ, fi téèpù ọwọ́ rẹ wọn àpótí kékeré tó wà ní igun bébà. Bí kò bá pé ínǹṣì méjì, má gé e. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sọ ọ́ di kékeré. Má bínú sí ara rẹ, èmi náà ti fi bẹ́ẹ̀ ba àǹkárá ọ̀pá mẹ́ta jẹ́." Mo ní ìwé ìlò wo ló ń bẹ èèyàn pé kó má bínú? Ó ní tòun ni.

Bó bá kọ ojú ìwé kan tán, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́. Ìyìn kò lè ka Yorùbá, ohun tí mo sì máa ń fi bú wọn nìyẹn, ìyá àti ọmọ. Nítorí náà, ọmọ á pè, ìyá á kà á fún un, ọmọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ ní òyìnbó. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á kúrò lórí Téèpù, wọ́n á bọ́ sórí bàbá, sórí ọbẹ̀, sórí òjò dídì. Oṣù méjì gbáko nìyẹn. Ìyá Ìyìn sanra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun pàùdà wá sí ìsọ̀, àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá ó ti rí ọkọ.

Ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó parí sí. Wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ wà lókè, àwọn èèyàn yìn ín. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó pe Ìyìn ní aago méjì, ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń so bébà méjì pọ̀.

"Ah-ah, Mummy," ọmọ náà ní. "E dey page nine. You wrote it yourself."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rántí báyìí. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Gbogbo ìbéèrè tó fi ń pe ọmọ rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn wọn tán. Láti ọjọ́ yẹn, fóònù dákẹ́, pàùdà náà sì tán lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni búláòsì Ìyáàfin Títíloyè dé. Tíṣà ni obìnrin náà, ara rẹ̀ kò tóbi. Ìyá Ìyìn wọ̀n ọ́n, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú Téèpù, ó gé e, ó rán an. Nígbà tí tíṣà wọ̀ ọ́, èjìká já bọ́ sí apá, ọrùn là gbàgà. Àpò gààrí sàn jù ú lọ. Ìyá Ìyìn tún un wọ̀n. Mo dúró tì í, mo ń wò ó, bí òun náà ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka méjì wà lábẹ́ téèpù.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nílẹ̀ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yóò kọ́ ọ nìyẹn. Bó o bá fa téèpù yí èèyàn ká, o ní láti ki ìka méjì sí abẹ́ rẹ̀, kí aṣọ lè ní àyè tí ara fi máa mí. Ọ̀gá Ìyá Ìyìn ní Ìkàrẹ́ a máa fi rúlà gbá a lọ́wọ́ bó bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n Téèpù náà ti ń fi àyè tirẹ̀ kún un. Àyè ọ̀gá, àyè kọ̀ǹpútà, méjèèjì wọnú aṣọ kan ṣoṣo. Lára ẹni tó sanra kì í hàn, lára tíṣà yìí ló ti hàn. Ìyìn tó kọ kóòdù kò di téèpù mú rí. Kò sí bó ṣe lè mọ̀.

"Ó yé mi," Ìyá Ìyìn ní. Inú mi dùn, mo ní ojú ìwé kẹrìndínlógún nìyẹn, kó tètè kọ ọ́. Ó gbé fóònù, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Ìyìn, aṣọ tóbi o. Mi ò mọ ìdí ẹ̀."

Ẹnu yà mí. Ọmọ náà ní kó dúró, òun ó wò ó. Ó pè lọ́jọ́ kejì. Ó pè lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí Mummy jẹ́ kí òun rí i lórí fídíò bó ṣe ń wọn èèyàn. Èmi ni wọ́n fi wọ̀n. Ìyá Ìyìn fa téèpù yí àyà mi ká, ó sì yọ ìka rẹ̀ kúrò kí ọmọ má bàa rí i. Mo wò ó lójú, ó wò mí. Mo panu mọ́, títí dòní n kò mọ ìdí tí mo fi panu mọ́.

Nígbà tí fóònù kú, mo bú u. Mo ní, "Irọ́ lò ń pa fún ọmọ rẹ. Ó ń wá ohun tí kò sọnù."

"Ìyá Ògo, jẹ́ kó máa wá a," ó ní. "Bó bá ṣì ń wá a, á máa pè mí."

Ògo ọmọ tèmi, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé, ojoojúmọ́ ló ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo padà sídìí síìpù mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ìyìn fi wá a, ó ń pè lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan ó pariwo pé òun ti rí i. Ó rò pé àyè tí kóòdù ń fi kún aṣọ ló pọ̀ jù, ó sì gé e kúrò. Ó gbé e jáde fún gbogbo ayé. Aṣọ Ìyá Ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gún régé, ìka méjì wà níbẹ̀ kúkú. Ṣùgbọ́n ní Brazil, ní Kenya, níbi tí kò ti sí ìka lábẹ́ téèpù, aṣọ ń há mọ́ àwọn èèyàn lára. Ọ̀kan ya ní ẹ̀yìn lára ìyàwó tuntun nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọ̀wé bú Ìyìn ní gbangba. Ọkùnrin Kenya ní ẹni tó yí ìwọ̀n gbogbo ayé padà nítorí búláòsì ìyá rẹ̀, kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ìyìn pè. Kì í ṣe láti wá àṣìṣe ló pè lọ́tẹ̀ yìí. Ẹkún ló ń sun. "Mummy, I don tire. I check everything. I no know wetin I dey do again. I go just comot my hand, make dem carry am."

Ìyá Ìyìn ní kó má sunkún mọ́, kó fún òun ní wákàtí kan. Ó pa máṣíìnì, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ náà, ó jókòó sórí àpótí. Mo rí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn ún náà bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ọmọ sì pè kó lè kà á fún un, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Ó kà á sókè, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ojú ìwé kẹrìndínlógún. Bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà lo ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, o máa ń ki ìka méjì sí abẹ́ téèpù. Yọ ọ́. Téèpù inú kọ̀ǹpútà ti fi àyè sílẹ̀ fún ara. Bí o kò bá yọ ọ́, aṣọ yóò tóbi, kò sì sí àṣìṣe nínú kóòdù. Ẹni tó kọ kóòdù kò ṣẹ̀. Èmi tí mo kọ ojú ìwé yìí ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní, n kò sì sọ."

Mo gbọ́ tí ọmọ náà dáwọ́ títẹ̀ dúró.

"Since first day?" ó ní.

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Why, Mummy? Dem insult me. Why you no talk?"

"Ò ń pè mí," Ìyá Ìyìn ní.

"But you fit just call me!"

"Mo pè ọ́, Ìyìn. Nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ láti kí ọ. O ní o máa pè mí padà."

Fóònù gé. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, bóyá ọmọ ló gé e, n kò mọ̀, òun náà kò sì mọ̀. Ó tan máṣíìnì rẹ̀ padà, ó sì ń rán lọ.

Ọjọ́ kejì, Ìyìn ti dá kóòdù padà sí bó ṣe wà, ojú ìwé kẹrìndínlógún sì ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní òyìnbó, kò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, títí kan gbólóhùn ìkẹyìn. Ọkùnrin Kenya tọrọ àforíjì. Àwọn aránṣọ kọ̀wé wá láti Kumasi, láti Lọ́kọ́jà, láti Port Harcourt. Gbogbo wọn ló ń ki ìka sí abẹ́ téèpù. Gbogbo wọn ló ti ń ba aṣọ jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, tí wọ́n ń rò pé orí tiwọn ni kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ojú ìwé yìí nìkan ni òun rí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kọ. Mo kà á fún Ìyá Ìyìn lórí fóònù mi. Ó ní ó dára.

Ọmọ kò pè. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ Àìkú kọjá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ara mi kò gbà á mọ́. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pè é," mo ní.

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Mi ò ní ìbéèrè mọ́."

"Má bi í ní nǹkan kan."

Ó pẹ́ tó ń wo fóònù kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó fi í sí sípíkà nítorí ọwọ́ rẹ̀. Ó dún, ó dún. Mo ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà kí ojú má bàa tì í nígbà tí ọmọ náà gbé e.

"Mummy? Wetin spoil?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́," Ìyá Ìyìn ní. "Èmi ni mo pè."

A gbọ́ tí ọmọ náà fa àga, tó jókòó.

"Okay, Mummy," ó ní. "I dey. I no dey go anywhere. Talk."

Ìyá Ìyìn gbójú sókè wò mí ní ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń bi mí pé kí ni àwọn ìyá máa ń bá ọmọ wọn sọ.